Fi ẹnu kọ ọ́ ná, kí ọwọ́ tó kan okùn gìtá

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kọ́ọ̀dù kò ṣòro fún mi, kò sì sí key tí wọ́n máa gbé orin sí tí n kò ní bá wọn lọ. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ Charlie Parker, afunfèrè sakisofóònù jazz, mo sì fẹ́ kọ́ àwọn orin blues rẹ̀: Now's the Time, Billie's Bounce àti Au Privave. Mo wá tab wọn, mo há gbogbo rẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ta á kò jọ ohun tí mo gbọ́ rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ kọ̀ǹpútà. Tó bá wá kan sólò, pentatonic (ọ̀wọ́ nóòtù márùn-ún) tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń sá padà sí. Ṣé tab ni kí n máa fi kọ́ ọ ni, àbí etí? Èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́? Báwo ni mo ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ pentatonic yìí?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ ló jẹ́ kí n mọ ibi tí wàhálà wà, èyí tí o fi ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ kọ̀ǹpútà. Etí rẹ kò purọ́ fún ọ. Gbogbo nóòtù lè pé pérépéré kí orin má sì sí níbẹ̀. Tab máa ń sọ okùn àti fret (ibi tí a ń tẹ lára ọrùn gìtá) fún èèyàn. Kì í sọ ibi tí ohùn ti wúwo, ibi tó ti fúyẹ́, àti ibi tí Parker ti dúró gba èémí. Bí mo bá kọ "igba" sílẹ̀ fún ọ láìfi àmì ohùn sí i, o kò lè mọ̀ bóyá igbá tí a fi ń bu omi ni mo ń sọ, tàbí ìgbà tó ti kọjá, tàbí igba náírà. Bí tab ṣe rí nìyẹn. Lẹ́tà wà níbẹ̀, ohùn ni kò sí.

Nítorí náà, etí ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹnu wà láàárín etí àti ọwọ́. Má ṣe fi ìka kan okùn fún orin tí o kò tíì lè fi ẹnu kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ́kọ́ kọ ọ́ pẹ̀lú àwo tó ń lọ lábẹ́. Lẹ́yìn náà, pa àwo, kí o dá a kọ, kí o máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ibi tí ẹnu rẹ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ rẹ máa ti kọsẹ̀. Ẹnu ni kí o ti tún un ṣe.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ìwé kan tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún mi ni mo fi kọ́ Billie's Bounce nígbà tí mo wà léwe. Àṣìṣe wà níbi méjì nínú ìwé náà, n kò sì mọ̀, torí pé ojú mi ló mọ orin náà, etí mi kò mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń ta á fún ohun tó lé ní ọdún kan nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń fun sakisofóònù wá bá wa ṣeré, ó pe orin náà, èmi àti òun sì kọlu ara wa ní báà kẹrin (báà kan jẹ́ kíkà mẹ́rin) níṣojú gbogbo èèyàn. Kò bá mi wí. Nígbà tí a lọ sinmi, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ẹnu kọ gbogbo báà méjèèjìlá sí mi létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀. Ìgbà kẹrin ni èmi náà tó bá a kọ ọ́ pé. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì gbàgbé nóòtù kan nínú orin yẹn.

Ó yẹ kí o mọ ibi tí àwọn orin yìí ti wá, torí ó máa yí bí o ṣe ń gbọ́ wọn padà. Ọjọ́ kan náà ni Parker tẹ Now's the Time àti Billie's Bounce sórí àwo, ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1945 ní New York, fún ilé-iṣẹ́ Savoy. Ọmọ ọdún 19 ni Miles Davis tó fun kàkàkí níbẹ̀. Max Roach ló lu ìlù. Key F ni orin méjèèjì, báà 12 ni wọ́n, síbẹ̀ ìwà wọn kò jọra. Now's the Time ń tún gbólóhùn kúkúrú kan sọ, ọmọdé lè gbà á lẹ́nu èèyàn lójú títì. Billie's Bounce ní tirẹ̀ ń fo láti ibì kan dé ibòmíràn, o kò sì mọ ibi tó máa sọ̀ sí. Ní 1949, Paul Williams gbé orin ijó kan jáde tí wọ́n ń pè ní The Hucklebuck. Ẹni tó bá gbọ́ ọ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohùn Now's the Time ló wà nínú rẹ̀. Ijó ló wà ní ìdí orin yìí. Bí o bá ń ta á tí ara rẹ kò mì, ohun kan ṣì kù.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ti àwọn afunfèrè ni bebop, irú jazz tí Parker ń ṣe yìí, pé gìtá kàn wá yà síbẹ̀ ni. Ní Minton's Playhouse ní Harlem, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ olórin ti ń dán ọgbọ́n tuntun wò lóru, gìtá Charlie Christian wà lára ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1941. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1942, kò ju ọmọ ọdún 25 lọ. Nígbà tí Parker fi máa tẹ orin méjì tí mo sọ yẹn, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí Christian ti lọ. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá rántí.

Nípa orin tí o máa kọ́kọ́ kọ́, mo máa bá ọ jiyàn díẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí o dárúkọ dára, ṣùgbọ́n Au Privave kì í ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀. Sonnymoon for Two ti Sonny Rollins, afunfèrè sakisofóònù, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Key B♭ ló wà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, wọ́n á sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí báà 12 tó pé. Pentatonic tí o ní o máa ń sá padà sí yẹn gan-an ni wọ́n fi hun ún, nítorí náà kò sí nóòtù tuntun tí o máa wá kiri. Gbogbo iṣẹ́ rẹ ni pé kí o gbọ́ bí Rollins ṣe gbé e ka orí ìlù, ibi tó ti fà á sẹ́yìn díẹ̀, ibi tó ti tètè fi í sílẹ̀. Bags' Groove ti Milt Jackson náà sún mọ́ ọn, key F ni ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó fún méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, bọ́ sórí Straight, No Chaser ti Thelonious Monk tó ń tẹ dùùrù, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ sórí àwo fún ilé-iṣẹ́ Blue Note ní 1951. Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí orin yìí ló la ojú èmi fúnra mi.

Gbogbo orin náà, láti ara gbólóhùn kékeré kan ló ti jáde: so ìsàlẹ̀, do, re, ma, mi. Ma yẹn ni mi tí a rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nínú sol-fa tí o mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní key F, C, F, G, A♭, A nìyẹn. Ohun tí Monk wá ṣe ni pé kò jẹ́ kí gbólóhùn náà jókòó sójú kan. Ó sọ ọ́ níbí, ó tún sọ ọ́ níbi tí o kò retí, ó fi ìrù kún un, ó gé ìrù náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ kí o tó mí. Ẹni tó bá ń ka fret á sọnù ní báà kẹta.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni mo fi mú un. Sọ èyí jáde: "Òun ni ó dé." Ìsàlẹ̀, àárín, àárín, òkè, òkè. So, do, re, ma, mi. Lóòótọ́ kì í ṣe pé ó bá orin mu nóòtù sí nóòtù, torí do àti re kì í ṣe ohùn kan náà, ma àti mi náà kì í ṣe ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí orin ṣe ń gòkè lọ̀rọ̀ náà ń gòkè, ẹnu wa sì máa ń rántí ọ̀rọ̀ ju nọ́ńbà lọ. Fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ka 1, 2, 3, 4, kí o sì máa sọ "òun ni ó dé". Kọ́kọ́ jẹ́ kí "dé" bọ́ sórí 1. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó bọ́ sórí 2. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó bọ́ sí àlàfo tó wà láàárín 2 àti 3, èyí tó le jù. Nígbà tí ara rẹ kò bá dàrú mọ́ níbi tó wù kó bọ́ sí, padà sídìí àwo Monk, wàá gbọ́ ohun tó ń ṣe bí ẹni ń gbọ́ èdè abínibí rẹ̀. Àwọn onídùndún wa kò ṣe ohun mìíràn ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú, ìlù ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àwa tí a dàgbà nínú èdè tí ohùn ti ń yí ìtumọ̀ padà ní ohun èlò yìí lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu bí a kì í ṣe é lò nígbà tí a bá gbé gìtá. Kì í ṣe gbogbo orin ló máa gba ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Èyí tí kò bá gbà á, fi "dú-bà dú-bà" kọ ọ́, kò burú.

Ìgbà yìí ni kí o tó dé ọ̀dọ̀ Parker. Now's the Time kọ́kọ́, Billie's Bounce tẹ̀lé e, Au Privave lẹ́yìn. Ọdún 1951 ni ó tẹ Au Privave, nínú oṣù kìn-ín-ní. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ló tẹ Blues for Alice, èyí tí kọ́ọ̀dù rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti F gba D minor àti C minor kọjá kó tó dé B♭. Fi Blues for Alice sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Orin mẹ́fà yìí láàárín ọdún kan, tí o mọ̀ dójú àmì, wúlò fún ọ ju ogún tí o kàn sáré há sórí lọ. Yàtọ̀ sí Sonnymoon for Two, ní gbogbo ìgbà tí o fi ń kọ́ wọn, má kúrò ní key F títí etí rẹ fi máa sọ F di ilé. Àwọn B♭ yòókù lè wá lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ìlù ló kàn, ibẹ̀ sì ni títẹ kọ̀ǹpútà tí o sọ ti ń wá. Bí a bá ka 1, 2, 3, 4, àlàfo wà láàárín kíkà kan sí èkejì. Ẹni tó kọ́ orin láti ara tab máa ń tẹ 1, 2, 3, 4 mọ́lẹ̀ gbọin gbọin, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Parker sábà máa ń gbé ìwúwo sínú àlàfo. Tẹ́tí sí i dáadáa: nóòtù tó ga jù nínú gbólóhùn rẹ̀ ló máa ń gba agbára, nóòtù bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú àlàfo. Àwọn tó kù láyìíká rẹ̀ fúyẹ́, àwọn mìíràn fúyẹ́ débi pé wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Bí o bá fi agbára kan náà ta gbogbo nóòtù, o ti pa orin náà, bó ti wù kí ìka rẹ yára tó.

Lórí gìtá, ohun tí mo ń ṣe nìyí. Nóòtù tó bá wà nínú àlàfo ni mo ń fi píìkì gbá. Èyí tó bọ́ sórí kíkà lẹ́yìn rẹ̀, ìka òsì ni mo fi ń gbé e jáde, yálà nípa hammer-on (fífi ìka lu okùn), tàbí pull-off (fífi ìka fa okùn sílẹ̀), tàbí kí n fà á láti fret kan sí èkejì. Bí àlàfo ṣe máa wúwo jù nìyẹn láìjẹ́ pé o fagidi ṣe é. Má ṣe é lórí gbogbo nóòtù méjì méjì, torí orin á wá rọ̀ jù bí ẹ̀kọ mímu. Dán an wò lórí gbólóhùn kan, fi wé àwo, kí o wo ibi tó bá a mu. Nípa bí o ṣe di píìkì mú tàbí ìhà tí o fi ń gbá okùn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfin dẹ́rù bà ọ́. Charlie Christian fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, Wes Montgomery kò tilẹ̀ lo píìkì, àtàǹpàkò ló fi ń ta á.

Ibi tí o máa ta á lára ọrùn gìtá kò nílò ariwo púpọ̀. Tí o bá ti lè kọ gbólóhùn kan lẹ́nu, wá a lórí okùn kan ṣoṣo ná, kí ojú rẹ lè rí bí ohùn ṣe jìnnà sí ara wọn. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ sí ibi méjì: ibi tí F ti wà lórí okùn kẹrin ní fret 3, àti ibi tó ti wà lórí okùn karùn-ún ní fret 8. Ibi méjì yìí tó fún ọdún àkọ́kọ́. Bí kò bá sí iná, gìtá tí kò lo ẹ̀rọ ṣe é. Bí owó dátà bá ń dùn ọ́, wa orin mẹ́fà yìí sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí o gbọ́ wọn títí. O lè dín eré wọn kù sí 0.75 lórí YouTube láti fi wá nóòtù tó ń sá mọ́ ọ lẹ́tí, ṣùgbọ́n eré gidi ni kí o fi kọ wọn lẹ́nu. Èémí kì í wà níbi tó yẹ bí orin bá falẹ̀ jù. Èémí náà ṣe pàtàkì: gìtá kì í mí, àwa onígìtá sì máa ń sọ̀rọ̀ lọ láìdúró. Ibi tí Parker ti mí, mí níbẹ̀.

Mẹtironóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, ńkọ́? Gbé e sí 60, kí o sì gbà pé 2 àti 4 ló ń ké, kì í ṣe 1 àti 3. Orin á wá máa lọ ní 120. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa dà bí ẹni pé ilẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti kúrò.

Ó wá ku pentatonic. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Blues kún inú Parker fọ́fọ́, ọmọ agbègbè Kansas City ni, níbi tí wọ́n ti ń mu blues bí omi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ ni pé o kò tíì gbọ́ ibi tí kọ́ọ̀dù ti ń yí lábẹ́ rẹ. Blues tí o mọ̀, 1-4-5 ni, ìyẹn kọ́ọ̀dù orí nóòtù kìn-ín-ní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún nínú key: F7, B♭7, C7. Àwọn bebop fi ilé kún ilé náà. Ní báà 4, C minor 7 àti F7 ń gbé ọ lọ sí B♭7 ti báà 5. 2-5 ni, bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Báà 6 lè jẹ́ B dim kó tó padà sí F7 ní báà 7. Báà 8 ni D7. Báà 9 ni G minor 7, báà 10 ni C7, a sì padà dé ilé ní báà 11. Báà 9 dé 11, 2-5-1 tí ẹ ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́ ni. Ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n nínú kọ́ọ̀dù. Ohun tó kù ni kí sólò rẹ náà mọ̀ ọ́n.

Bí o ṣe máa fi hàn án ní etí nìyí. Okùn kẹrin àti ìkẹta nìkan ni kí o lò. Fún F7, tẹ A ní okùn kẹrin, fret 7, àti E♭ ní okùn kẹta, fret 8. Fún B♭7, sún méjèèjì sẹ́yìn ní fret kan péré: A♭ àti D. Fún C7, sún wọn síwájú ní fret kan láti ti F7: B♭ àti E. Gbogbo 1-4-5 ló wà láàárín fret 6 sí 9 yẹn. Nóòtù méjì yìí ló ń sọ orúkọ kọ́ọ̀dù. Gbogbo ìyókù, aṣọ ni. Ta wọn láti báà 1 dé 12, kí o máa fi ẹnu kọ èyí tó wà lókè. Nígbà tí o bá dé báà 8, wá F♯ àti C ní fret 4 àti 5 lórí okùn méjì kan náà. F♯ yẹn, de ni nínú sol-fa. Kọ ọ́ lẹ́nu: do, de, re. Ṣé o gbọ́ bí de ṣe ń bẹ̀bẹ̀ láti dé re? Re yẹn ni G tó gbà ọ́ lálejò ní báà 9. Pentatonic rẹ kò ní F♯ nínú rárá, ìdí nìyẹn tí sólò rẹ fi ń dún bákan náà níbi tí orin ti yí. Fún oṣù kan gbáko, mo máa fẹ́ kí o ṣe sólò pẹ̀lú pentatonic tí o fẹ́ràn yẹn bó ṣe wù ọ́, àmọ́ kí o rí i pé F♯ dún ní báà 8 ní gbogbo ìgbà. Nóòtù kan ṣoṣo yẹn máa yí sólò rẹ padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí nóòtù ká. Bí o bá ń lọ sí A lórí F7, má lọ tààrà. Ta B♭ tó wà lókè rẹ̀, ta G♯ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí o tó bọ́ sí A. Bí o bá mọ ìyẹn, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rí i káàkiri nínú orin Parker, ibi tó ti dà bí ìdìpọ̀ nóòtù lásán tẹ́lẹ̀ á wá ní ọ̀nà.

Orin tí o kọ́ gan-an ni ìwé sólò tó dára jù. Èyí ni mo máa ń fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́: ta báà mẹ́rin àkọ́kọ́ Now's the Time bó ṣe wà, kí o fi báà mẹ́rin dá a lóhùn láti inú ọkàn rẹ, kí o sì padà sínú orin fún báà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Nígbà tó bá tún yí po, pààrọ̀ ipò wọn. Bí lílé àti gbígbè. Ohun tí o fi dáhùn máa jọ ohun tí orin náà béèrè, torí ó ṣì ń dún lórí rẹ. Ibẹ̀ ni bebop ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́wọ́ rẹ láìjẹ́ pé o há ohunkóhun sórí. Gba kọ́ọ̀dù náà sórí fóònù rẹ fúnra rẹ kí o máa ta á lé e lórí. Bí o bá rí ẹnì kan tó ń ta báàsì, ó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún etí onígìtá, wá D-Natural Blues nínú àwo tí Wes Montgomery ṣe ní 1960. Kò yára, o lè tẹ̀lé gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ. George Benson, onígìtá mìíràn, náà ta Billie's Bounce ní 1968, ìyẹn yára, ó sì ń jó. Nínú àwo Wes kan náà, orin kan wà tí wọ́n ń pè ní Airegin, tí Sonny Rollins kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1954. Ka orúkọ náà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa ni, inú mi sì máa ń dùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ. Kì í ṣe blues, ó sì le, má tíì fọwọ́ kàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, fi gìtá rẹ sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò bá sí ìsìn. Gbọ́ Sonnymoon for Two àti Now's the Time nígbà tí o bá ń lọ síbi iṣẹ́ àti nígbà tí o bá ń bọ̀, kí o máa bá wọn kọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, gba ohùn rẹ sílẹ̀ bí o ṣe ń kọ Now's the Time pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀, láìsí àwo, láìsí gìtá, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo máa sọ fún ọ nínú rẹ̀ bóyá ó ti tó àkókò láti mú gìtá jáde.